Osùn Lára Eyín Irin

Egbeda, Èkó.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Ẹ̀jẹ̀ kọ́, osùn ni.

Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n Aasiyah ọmọ yín ti sọ ohun tí wọ́n gbé tọ̀ yín wá fún mi. Wọ́n ní mo ń fi mọ́tò yín ṣe ètùtù owó. Wọ́n ní wọ́n bá mi lórí ìkúnlẹ̀ nínú àbà páànù, ẹ̀jẹ̀ kún ara irin ẹ̀yìn mọ́tò, obìnrin aláṣọ funfun kan sì dúró lé mi lórí láìwọ bàtà. Gbogbo ohun tí wọ́n ní àwọn rí ni wọ́n rí lóòótọ́, àyàfi ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá kí yín wàyí. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ọdún Iléyá tó kọjá. Ṣé ara yín le? Ṣé Aasiyah ń tọ́jú yín dáadáa? Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń tẹ àwọn lẹ́tà tí mo ń yà ní fọ́tò jáde fún yín. Bí etí yín kò bá di ni, ǹ bá ti pè yín lórí fóònù, à bá sì ti jà, ìjà ì bá sì ti parí. Bàbá tó bí mi kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹ ṣì rántí ẹ̀gbọ́n yín.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò yín nìyí. Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá ohun tó ń ké nínú mọ́tò spọ́ọ̀tì alájókòó méjì yín rí kí ẹ tó padà wálé ní ìparí ọdún. Ẹ ní gíábọ́ọ̀sì ni. Mo wà á jáde láàárọ̀ Sọ́ńdè kan tí ọ̀nà ṣì dá. Bí mo bá tẹsẹ̀ mọ́ eré, á máa hùn bí oyin tí wọ́n sé mọ́ inú agbè. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ohùn rẹ̀ á yí padà, á wálẹ̀, bí ẹni tó ń ráhùn lábẹ́ ẹnu. Mo fi í sí gíá tó kẹ́yìn, níbi tí agbára ti ń gba inú gíábọ́ọ̀sì kọjá tààrà, tí ẹrù kì í fi bẹ́ẹ̀ sí lórí eyín inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ gíábọ́ọ̀sì ni, ó yẹ kí ariwo dínkù níbẹ̀. Kò dínkù. Nígbà tí mo dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Idimu, mo yọ ọ́ kúrò ní gíá pátápátá, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jẹ́ kó máa yí lọ fúnra rẹ̀. Bàbá, ó ṣì ń hùn. Ẹ̀yìn mi ló sì ti ń hùn.

Ohun tó mú mi tú ìkòkò irin àárín táyà ẹ̀yìn nìyẹn, èyí tí àwa ń pè ní difurẹ́ńṣà. Mo gbé e sórí tábìlì kúkúrú kan nínú àbà. Irin méjì tó léyín ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan kéré, ó ń gbé agbára bọ̀ láti iwájú, èkejì tóbi, ó rí bí adé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń pàdé dáadáa á kun eyín èyí tó tóbi, á yí wọn, á wo ibi tí èyí tó kéré ti nu ọ̀dà kúrò. Ọ̀dà tí Ọ̀gá Báyọ̀dé, tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Igando, fi ń ṣe é ti gbẹ nínú agolo. Matilda tó ń gbé yàrá iwájú nílé yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìyá rẹ̀ sì gbé osùn wá láti fi pa ọmọ lára. Mo tọrọ díẹ̀, mo fi àdín pò ó. Ó mú irin ju ọ̀dà Ọ̀gá lọ.

Òjò ṣú lọ́jọ́ náà, àbà ṣókùnkùn. Matilda ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í wọ bàtà bí wọ́n bá wọ̀ ọ́. Mo ní kó bá mi tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí i. Bí Alhaji Abdulganiyy ọ̀rẹ́ yín ṣe kírun Àsárì tán tó ní kóun yà wò wá nìyẹn. Ó yọjú, ó rí wa, ó pariwo "A'ùsù billáhi!", ó sì fẹ́sẹ̀ fẹ. Mo ń pè é, "Alhaji, ẹ dúró, ẹ wá wò ó!" Ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù sẹ́nu géètì. Mo ti fi ránṣẹ́ sí i. Kò dúpẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì kíá.

Ọmọ yín,
Nùrẹ́nì.


Coventry, ìlú Òyìnbó.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Nùrẹ́nì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Mo jẹ́ ìkíni rẹ. Sọ fún bàbá rẹ pé mo rántí rẹ̀, pé òun ni kò rántí pé fọ́tò mi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ní kó fi ránṣẹ́ láti ọdún tó kọjá.

Èmi àti Abdulganiyy ti jọ ń dúró ní sàfù ìrun kan náà kí wọ́n tó bí ọ. Mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó sọ ohun tó fojú rí, ìwọ náà sì sọ pé ó rí i, o kàn ní nǹkan mìíràn ni. Ọdún tí mo lò níbi tí wọ́n ti ń gé eyín gíá kì í ṣe kékeré, ariwo ibẹ̀ ló sì kó etí mi lọ. Aró búlúù inú agolo la fi ń wo eyín irin níbẹ̀. Osùn ọmọ tuntun kọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí èèyàn ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ tó ni ó ń burú tó.

Èyí tó tún dùn mí jù: gíábọ́ọ̀sì ni mo ní kí o ṣí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣí i fúnra mi kí n tó kúrò nílé, mo mọ bí ó ṣe ń ké. Ìwọ lọ tú ẹ̀yìn mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò rán ọ sí. Láti kékeré lo ti ń ṣe agídí bẹ́ẹ̀. Tíṣà yín ní abúlé sọ ọ́ fún mi pé bí òun bá ní kí o kọ ọ́ sápá ọ̀tún, o ó ní kí òun kọ́kọ́ sọ ohun tó burú ní apá òsì.

Fún Abdulganiyy ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò àti ti àbà. Yóò wá ẹni tí yóò fà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn. Mi ò lé ọ kúrò nílé mi o. Yàrá rẹ ṣì ni yàrá rẹ. Mọ́tò nìkan ni kí o fi sílẹ̀.

Èmi ni,
Yahya, bàbá rẹ.


Egbeda.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti fún Alhaji ní kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì fún un, mo dọ̀bálẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo rí i fín.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó mú ọkùnrin kan wá pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń fa mọ́tò. Ọkùnrin náà wọ abẹ́ mọ́tò, ó tún jáde.

"Alhaji, kí lẹ ní kí n fà?"

"Mọ́tò ni. Ṣé o ò rí i ni?"

"Mo rí iwájú. Kò lẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà lórí tábìlì yẹn."

Alhaji wojú mi. Mo ní, "Alhaji, ẹ ò bi mí." Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́, àlùjọ̀nnú ni mí. Ó ti àbà pa, difurẹ́ńṣà ṣì wà nínú rẹ̀ tòun ti osùn lára, ó kó kọ́kọ́rọ́ sápò, ó lọ.

Ìbéèrè mi méjì nìyí, ẹ má sì bínú. Àkọ́kọ́: bí ẹ bá ṣí gíábọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì tí ariwo ò lọ, kí ló dé tí ẹ fẹ́ kí n ṣí i lẹ́ẹ̀kẹta? Èkejì: ẹ ò gbọ́ràn mọ́. Kí wá ni ariwo mọ́tò fi ṣe yín?

Ohun tó wà níbẹ̀ fún mi ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí wọ́n bá gbé mọ́tò yẹn kúrò lọ́wọ́ mi báyìí, gbogbo Egbeda títí dé Igando á gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí wọ́n bá fi ètùtù dá mọ̀ níbí, kò sẹ́ni tó máa gbé mọ́tò rẹ̀ fún un ṣe mọ́. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n parí èyí tí mo bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n rí i. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi í fún ẹlòmíì.

Ọmọ yín,
Nùrẹ́nì.


Egbeda.
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Keje.

Bàbá mi,

Mi ò rí èsì. Mo bi Aasiyah, ó ní ẹ ti gba lẹ́tà mi, ẹ kàn ká a sábẹ́ ìrọ̀rí ni. Bó bá jẹ́ ìbéèrè mi kejì ló dùn yín, mo tọrọ àforíjì lórí bí mo ṣe sọ ọ́. Ìbéèrè náà ṣì wà níbẹ̀.

Nǹkan ń le. Obìnrin kan gbé mọ́tò rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Ọ̀gá Báyọ̀dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó ṣe rí mi tó mú sípánà, ó bi Ọ̀gá pé, "Ṣé Olósùn yẹn kọ́ nìyí?" Ọ̀gá ní, "Nùrẹ́nì ni. Òun ló máa ṣe é." Obìnrin náà ní òun ti rántí pé òun ní ìpàdé. Ọ̀gá kò lé mi. Ó kàn gbé ike omi rẹ̀ mu, ó ní, "Bí wọ́n bá ń lé ẹni tó fi nǹkan pupa kun irin, kí wọ́n kọ́kọ́ lé gbogbo àwọn tó ń kun mọ́tò."

Wisdom, ọmọkùnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní ìdúró Egbeda, gbọ́. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò níṣòro gidi kan. Ó gbé e wá síbi tí gbogbo èèyàn ti ń wò, ó ní kí n bá òun wo gíá rẹ̀, ó sì jókòó tì mí látàárọ̀ dọ̀sán, ó ń pariwo sí àwọn tó ń kọjá pé, "Ẹ wá wo babaláwo mi!" Mo ní kó dákẹ́. Kò dákẹ́.

Matilda náà pọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé Alhaji. Ó tú aṣọ ọmọ, ó ní, "Alhaji, ẹ wò ó. Osùn tó wà lára ọmọ yìí náà ni. Ṣé ẹ ó ní mo fi ọmọ mi ṣètùtù?" Alhaji ní òun ò bá obìnrin jiyàn.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún yín, torí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Nígbà tí mo ń fọ inú ìkòkò difurẹ́ńṣà kí wọ́n tó ti àbà pa, mo rí nǹkan kan tó ti dì mọ́ kọ́rọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó dúdú, ó rọ̀, ó dà bí ògì tó ti kan. Mo fọ́ ọ láàárín ìka. Ìyẹ̀fun pákó ni, irú èyí tó ń dà sílẹ̀ nídìí àyùn. Mo rọ ọ́ sínú ọ̀rá, ó wà lọ́dọ̀ mi. Ṣé ẹ̀yin lẹ dà á síbẹ̀ ni? Kí ni pákó ń wá nínú irin?

Ọmọ yín,
Nùrẹ́nì.


Coventry.
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ.

Nùrẹ́nì,

Pákó? Ó dá ọ lójú?

Mo ti bínú tó. Lóòótọ́ ni mo ká lẹ́tà rẹ sábẹ́ ìrọ̀rí, mo sì ti pinnu pé ibẹ̀ ni yóò wà. Aasiyah gbé èyí tó kẹ́yìn wá, ó ní, "Ẹ kàn ka ìdí rẹ̀ nìkan." Láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ pákó yẹn, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn mọ́tò náà fún ọ. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú wọn ni mo ti rà á ní Apapa, ọdún 1983. Ọjọ́ tí mo gbà á, ó dákẹ́ bí ológbò. Mo wà á láti Apapa dé Egbeda, ohun afẹ́fẹ́ nìkan ni mo ń gbọ́. Nígbà tí mo wá gbé e lọ sí abúlé wa lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ láti fi han àwọn ẹbí, kí n tó kọjá Ọ̀yọ́ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kí n tó wọ abúlé, bàbá rẹ ti gbọ́ mi láti inú oko. Ó dúró dè mí lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní, "Yahya, ta lo dè mọ́lẹ̀ nínú ìdí mọ́tò yìí?" Gbogbo abúlé rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń kí mi títí mo fi rìnrìn àjò. Mẹkáníìkì ní gíábọ́ọ̀sì ni, mo sì gbà á gbọ́, torí gíábọ́ọ̀sì ni gbogbo èèyàn ń dárúkọ.

O bi mí pé kí ni ariwo fi ṣe mí. Mo fẹ́ wà á wọ abúlé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n dé iwájú ilé bàbá rẹ kó tó mọ̀ pé mo ti dé. Ní ti pé mi ò gbọ́ràn, bí mo bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mọ́tò, ara mi ń gbọ́ ohun tí etí mi kò gbọ́.

Dá mi lóhùn báyìí. Ṣé omi lo fi po osùn ni àbí àdín lásán? Ṣé kò ṣàn? Níbo gan-an lára eyín ni àmì wà: òkè, ìdí, àbí ẹ̀gbẹ́? Ya àwòrán rẹ̀ fún mi. Ṣé ó fẹ̀ ni àbí ó tẹ́ẹ́rẹ́?

Mo ti ní kí Abdulganiyy ṣí àbà, kó dúró síbẹ̀, kí o ṣe é lójú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ pé mo gbà ọ́ gbọ́ o. Mo fẹ́ mọ̀ ni.

Yahya.


Egbeda.
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹjọ.

Bàbá mi,

Ẹ kú àníyàn o. Mo ti ya àwòrán eyín náà sí ẹ̀yìn ìwé yìí. Ibi tí mo kùn dúdú ni osùn ti nù kúrò. Ẹ wò ó: òkè téńté eyín ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀bẹ. Kò wọ àárín rárá. Àdín nìkan ni mo fi pò ó, ó sì ki bí òrí tí òtútù mú. Kò ṣàn.

Alhaji dé lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ṣílẹ̀kùn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ní ibẹ̀ ni òun ó ti máa wò.

Mo ní, "Alhaji, ẹ ò lè rí eyín láti ibẹ̀."

"Mo rí ọ. Ìyẹn tó."

Mo nu osùn àtijọ́ kúrò, mo po tuntun lójú rẹ̀, Matilda sì gbé igbá osùn dání pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo kun eyín mélòó kan. Mo yí i. Alhaji sún mọ́ díẹ̀. "Kí ló nù ún kúrò níbẹ̀ yẹn?" Mo ní irin kékeré ni, ibi tó bá ti kan èkejì ni osùn á ti kúrò. Ó tún sún mọ́. "Kí ló wá dé tí kò kan ìsàlẹ̀?" Mo ní irin kékeré ti jìnnà sí èkejì jù, torí bíárìn tó dì í mú ti jẹ, ó ti fà sẹ́yìn. Wọ́n ń fi ṣóńṣó ara wọn nìkan jẹun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ké.

Ó ní, "Tún un yí." Mo tún un yí. Ó ní, "O ò yí i dáadáa. Kúrò ńbẹ̀." Bàbá, ọ̀rẹ́ yín ki tẹ̀sùbáà bọ àpò, ó ká apá jàlábíà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí irin náà fúnra rẹ̀. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó bí ẹni tó ń wo inú kànga. Matilda ní, "Alhaji, ẹ rọra o, ẹ ó kun aṣọ yín." Ó ti kùn ún. Ọwọ́ rẹ̀ pupa dé ọrùn-ọwọ́, àyà jàlábíà funfun pupa.

Ó rántí pé òun ní ẹni tóun fẹ́ rí kí ìrun Mọ̀gáríbì tó wọlé, ó sáré jáde. Kò tíì dé ìkóríta tí mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú títì, ó ń dá àwọn èèyàn lóhùn: "Osùn ni! Ẹ̀jẹ̀ kọ́! Mo ní osùn ni, jàre!" Matilda rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí.

Mo fi ọ̀rá pákó náà han Alhaji nígbà tó padà wá ti àbà pa. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó mi orí. Ẹ̀yin ò tíì sọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀ fún mi.

Ọmọ yín,
Nùrẹ́nì.


Coventry.
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹjọ.

Nùrẹ́nì ọmọ mi,

Abdulganiyy ti ní kí ọmọ rẹ̀ bá òun kọ̀wé sí mi. Kò sọ pé òun ṣìnà. Ó kọ ojú ìwé kan gbáko lórí bí eyín irin ṣe ń pàdé, bí ẹni pé òun ló bí mi sídìí iṣẹ́ náà. Mo ti ní kó dá kọ́kọ́rọ́ méjèèjì padà fún ọ. Iṣẹ́ náà di tìrẹ títí ó fi máa parí.

Àwòrán rẹ yé mi. Mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́, òyìnbó ni, òun náà ti dití bíi tèmi. Ó wò ó, ó kọ ọ́ sórí ìwé pé, "Irin kékeré ti jìnnà jù." Ohun tí o sọ gan-an nìyẹn. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ osùn fún un, ó ní kí n bá òun bèèrè fún díẹ̀.

Pákó náà wá yé mi. Bí ẹlẹ́tàn bá fẹ́ ta mọ́tò tí difurẹ́ńṣà rẹ̀ ń ké, á da ìyẹ̀fun pákó mọ́ ọ́ìlì inú rẹ̀. Pákó á wọ àárín eyín, á jẹ́ ìrọ̀rí fún wọn, ariwo á lọ. Nígbà tí pákó bá lọ̀ kúnná, ẹkún á padà. Ẹlẹ́tàn á sì ti gba owó rẹ̀ lọ. Ẹkún tó bẹ̀rẹ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́ nìyẹn, èmi sì lọ ń da gíábọ́ọ̀sì láàmú. Mo rẹ́rìn-ín títí Aasiyah fi sáré wọlé.

Bí o ṣe máa ṣe é: pààrọ̀ bíárìn, kí o fi irin pẹlẹbẹ tó nípọn díẹ̀ sẹ́yìn irin kékeré kó lè sún wọlé. Fi osùn wò ó. Bí àmì bá wá sí àárín eyín tó sì fẹ̀, dúró níbẹ̀. Má retí pé yóò dákẹ́ tán, eyín tó ti fi ọdún pípẹ́ jẹ ara wọn lódì kò lè dákẹ́ bíi tuntun. Ohun kan tún wà: ní gíá àkọ́kọ́, yóò máa ké wíìì. Má fọwọ́ kàn án. Eyín gíá yẹn gún tààrà, kò dagun bíi ti àwọn yòókù, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Àìsàn kọ́, ohùn rẹ̀ ni.

Sọ fún mi nígbà tí o bá tún kọ̀wé: àwọn wo ló dúró tì ọ́ ní gbogbo àsìkò tí mi ò fèsì yẹn? Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí mo bá dé.

Bàbá rẹ,
Yahya.


Egbeda.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfojúsọ́nà. Ó ti parí.

Irin pẹlẹbẹ àkọ́kọ́ tí mo fi sí i nípọn jù, àmì sálọ sí ìdí eyín. Mo tú u. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ọ̀gá Báyọ̀dé wá láti Igando nínú òjò, ó wò ó, ó ní ìwà mi ló bá iṣẹ́ yìí mu, torí ẹni tí kò lágídí ì bá ti fi sílẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ti tú u tí mo tún un tò títí ọwọ́ mi fi bó, osùn nù kúrò láàárín gbùngbùn eyín, ó fẹ̀ bí àtàǹpàkò. Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀, mo kàn ń wò ó.

Mo wà á lọ dé Ìyànà Ìpájà, mo tún wà á padà. Alhaji ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun ló ní òun fẹ́ gbọ́ ọ fúnra òun. Bí eré bá pọ̀, ẹ ó gbọ́ nǹkan kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn bá ń mí lójú oorun. Oyin inú agbè ti lọ. Alhaji ń sọ fún gbogbo ẹni tí iná ìkóríta bá dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé bíárìn ló jẹ.

Mi ò ní purọ́ nípa gíá àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ̀yìn ti dákẹ́, wíìì tiẹ̀ wá hàn gbangba, ó sì ń bí mi nínú. Mo ti dá jáàkì sábẹ́ mọ́tò láti tú gíábọ́ọ̀sì kí n tó tún lẹ́tà yín kà. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ń tẹ́tí sí i láràárọ̀ báyìí, mo sì ń gbìyànjú láti gbà pé kò ṣàìsàn. Kò tíì yé mi tán. Bí ẹ bá dé, ẹ ó fi bí ẹ ṣe mọ ìyàtọ̀ hàn mí.

Obìnrin tó ní ìpàdé ọjọ́sí ti gbé mọ́tò rẹ̀ padà wá. Ó ṣì ń pè mí ní Olósùn. Mo gbé iṣẹ́ náà ṣe fún un.

Ẹ béèrè àwọn tó dúró tì mí. Mo ti rò ó dáadáa, torí mi ò fẹ́ fi ẹni tí kò sí níbẹ̀ kún un. Matilda ni àkọ́kọ́, tó pọn ọmọ lọ sílé ẹni tó ń bà á lórúkọ jẹ́. Ọ̀gá Báyọ̀dé ni ìkejì, ó jẹ́ kí oníbàárà lọ, kò jẹ́ kí èmi lọ. Wisdom ni ìkẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ti mọ́tò yín lọ. Aasiyah wà níbẹ̀, òun ló fà yín dìde. Lóṣù Kẹfà àti oṣù Keje, mo ka orúkọ wọn léraléra kí n lè sùn, mi ò sì kà yín mọ́ wọn. Mi ò lè kọ irọ́ ránṣẹ́ sí yín, Bàbá. Ọjọ́ tí ẹ ní kí wọ́n ṣí àbà ni mo fi yín kún un. Alhaji ló gbẹ̀yìn. Díẹ̀ báyìí lẹ fi ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wà níbẹ̀.

Ọmọ yín,
Nùrẹ́nì.